Ohun Mẹ́rin Tí Mo Rà Lásán Kí Ariwo Pẹ́dà Mi Tó Dákẹ́

Pickup (ẹ̀yà tó ń gbé ohùn okùn) tuntun méjì fún gìtá oníná mi, wáyà tuntun mẹ́jọ, tíúbù gíláàsì tuntun mẹ́ta fún ámpù tó ń sọ ohùn gìtá di ńlá, àti pẹ́dà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó pa ariwo lẹ́nu mọ́ lọ. Ohun mẹ́rin tí mo rà láàárín oṣù mẹ́ta nìyẹn, owó tí mo sì fi rà wọ́n ni mo ti ń tù jọ láti fi ra gìtá kejì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wo ohun tó ń ṣe mí sàn. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ fara dà á fún mi.

Mo to pẹ́dà méje, àwọn àpótí kékeré tí èèyàn ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà, sórí pákó kan: tuner, wah, fuzz, overdrive, chorus, delay àti reverb. Mi ò ní fi bí mo ṣe lẹ̀ wọ́n mọ́ pákó yọ yín lẹ́nu, ẹni tó bá lè so okùn bàtà lè ṣe é. Mo so gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo tan ámpù, mo tẹ overdrive. Ká tó wí ká tó fọ̀, ariwo ti gba gbogbo yàrá. Ó ń kùn nísàlẹ̀ bí ẹ̀rọ ìlọta, ó tún ń han lókè fíín bí ẹ̀fọn tó fẹ́ wọ etí. Mi ò tíì fọwọ́ kan okùn gìtá o.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ ni pé ariwo kan ṣoṣo ni mo kà á sí. Ariwo méjì ni. Ọ̀tọ̀ ni èyí tó ń kùn, ọ̀tọ̀ ni èyí tó ń han, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Àmọ́ ohun tí mò ń sọ fún gbogbo èèyàn ni pé gìtá mi ń pariwo, ohun kan náà ni gbogbo wọn sì ń fi dá mi lóhùn: "Single-coil lò ń lò, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Wọn ò purọ́ pátápátá. Òòfà tí wọ́n fi wáyà tín-ín-rín yí po ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ni pickup, èyí tó ní wáyà yíyí kan ṣoṣo ni single-coil. Bí okùn gìtá, tó jẹ́ irin, bá ń gbọ̀n lókè rẹ̀, gbígbọ̀n yẹn á di iná kékeré tó ń sáré lọ sínú ámpù. Ṣùgbọ́n wáyà yíyí yẹn kò mọ okùn yàtọ̀ sí iná tó ń gba inú ògiri kọjá, èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà 50 tàbí 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tiwọn méjèèjì ló ń gbé. Ìdí nìyẹn tí Seth Lover, nígbà tó wà ní ilé iṣẹ́ gìtá Gibson ní 1955, fi so wáyà yíyí méjì pọ̀ ní òdìkejì ara wọn, kí kíkùn inú ọ̀kan lè pa ti èkejì. Humbucker nìyẹn. Mo ra méjì tó wọ ihò single-coil, mo yọ ti tẹ́lẹ̀, mo fi òjé jó tuntun mọ́ wáyà fúnra mi. Mi ò jó ọwọ́, mi ò jó gìtá. Ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá rí mi á rò pé èmi ni mo gbẹ́ igi rẹ̀.

Kíkùn ìsàlẹ̀ dín kù díẹ̀. Ẹ̀fọn wà níbẹ̀ digbí. Ohun tó wá dùn mí jù ni pé ohùn gooro bí agogo tí Stratocaster, irú gìtá mi yìí, ti ń fi mú èèyàn láti 1954, ohùn tí mo torí ẹ̀ ra gìtá yìí, ti bá kíkùn náà lọ.

Lẹ́yìn pickup, ó kan wáyà. Lẹ́yìn wáyà, ó kan tíúbù, torí wọ́n ní 12AX7, irú tíúbù ámpù kan, máa ń pariwo tó bá ti gbó. Lóòótọ́ ló máa ń pariwo, àmọ́ bí ẹ bá fi ìdí pẹ́ńsù kàn án pẹ́pẹ́ nígbà tí ámpù wà ní títàn, tíúbù tó ti bàjẹ́ á jẹ́wọ́ nínú sípíkà. Mi ò kan nǹkan kan. Mo kàn rà á ni. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Ni mo bá ra noise gate, pẹ́dà tó ń ti ilẹ̀kùn nígbà tí èèyàn ò bá ta gìtá. Ilẹ̀kùn ló ń tì, kò lé olè jáde. Gbàrà tí mo bá ta nóòtì kan, ariwo á bá a wọlé. Bí mo bá sì fẹ́ kí nóòtì náà rọra kú lọ, gate á bẹ́ ẹ lórí.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ti ń tún ámpù ṣe kí n tó mọ gìtá dì mú ló gbà mí. Mo fi fóònù gba ariwo náà sílẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí wọn. Wọn ò tiẹ̀ gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní, "Àbúrò, yọ gbogbo pẹ́dà yẹn. Ki wáyà gìtá bọ ámpù tààrà."

Yàrá dákẹ́ rọ́rọ́.

Mo jókòó, mo ń wo humbucker tuntun, wáyà tuntun, tíúbù tuntun. Ìdánwò ìṣẹ́jú kan, tí kò náni ní nǹkan kan. Kí ẹnikẹ́ni jọ̀ọ́ má pa òwe Sókótó àti ṣòkòtò fún mi, mo ti pa á fún ara mi tó.

Ìbéèrè kejì tí ẹ̀gbọ́n bi mí ni pé, "Kí lò ń fi fún wọn níná?" Adáptọ̀ kékeré kan ni, 9 fólútì, tí wáyà rẹ̀ ya ẹnu mẹ́fà, fuzz nìkan ló ń jẹ bátìrì. Ọgbọ́n ni mo rò pé mo gbọ́n. Wọ́n ní kí n yọ iná reverb nìkan, kí n fi wáyà fò ó kọjá. Ẹ̀fọn kú. Mo dá iná rẹ̀ padà, ẹ̀fọn jí. Pẹ́dà dígítà ni reverb yẹn, aago kan wà nínú rẹ̀ tó ń lù kíákíá ju bí etí ṣe lè kà lọ, ìdọ̀tí lílù yẹn sì ń jò padà sínú wáyà iná. Nígbà tí gbogbo wọn ń mu nínú kòtò kan náà, ohun tí ọ̀kan bá tu síbẹ̀ ni àwọn tó kù ń mu. Overdrive, tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó sọ kékeré di ńlá, á wá gbé e síta fún gbogbo ayé gbọ́.

Mo ra ẹ̀rọ tó ń pín iná, irú èyí tí ẹnu rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró, tí kò bá aládùúgbò rẹ̀ pín nǹkan kan. Owó rẹ̀ kò tó ti humbucker. Ẹ ṣọ́ra ṣá, torí àpótí tó ní ihò mẹ́jọ lè jẹ́ adáptọ̀ kan náà tó wọ aṣọ ńlá. Ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ nípa ìdádúró ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ kà, kì í ṣe iye ihò. Ẹ tún wo iye mílíámpù, ìyẹn òṣùwọ̀n iná tí pẹ́dà ń jẹ. Overdrive kan lè má jẹ ju nǹkan bíi 10 lọ, àmọ́ dígítà mìíràn ń jẹ ju 100 lọ dáadáa.

Fuzz mi náà rí ẹnu tirẹ̀ níkẹyìn. Ó jẹ́ irú pẹ́dà Fuzz Face àtijọ́ ti 1966, tó ń lo irú transistor àtijọ́ kan (germanium PNP), tí pósítíìfù rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀, ìyẹn ojú ọ̀nà tí gbogbo wọn jọ so mọ́, nígbà tó jẹ́ pé négátíìfù ni ilẹ̀ àwọn yòókù. Mo ti so ó mọ́ adáptọ̀ ẹlẹ́nu púpọ̀ yẹn rí, pósítíìfù sì pàdé négátíìfù lójú ọ̀nà. Gbogbo pákó kú fin-ín. Ọlọ́run ló yọ adáptọ̀ náà. Lórí ẹ̀rọ tuntun, wáyà tó yí pósítíìfù àti négátíìfù padà ti tó, kò sì sẹ́ni tó jà.

Mo fi síkúrù de ẹ̀rọ tuntun náà mọ́ abẹ́ pákó, ní apá ọ̀tún, mo fi okùn ike di gbogbo wáyà létòlétò. Ó rẹwà débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀. Mo tan ámpù: kò sí ẹ̀fọn. Mo tẹ overdrive: ó mọ́ lóló. Mo wá tẹ wah.

Hùùùùù.

Kíkùn tí mi ò gbọ́ rí, tó sanra ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí mo bá pa wah, ó lọ. Bí mo bá tan án, ó dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi bá ohun kan ṣoṣo yìí jà. Mo gbé wah lọ sórí ẹnu iná mìíràn, kíkùn wà níbẹ̀. Mo yọ ọ́ kúrò níná pátápátá, mo fi bátìrì sí i, ó ṣì ń kùn! Bátìrì! Kí ló ń kùn nínú bátìrì? Mo tú wah náà, mo nu inú rẹ̀, mo tún òjé jáàkì rẹ̀ jó, mo dè é padà. Hùùùùù. Mo ti ń di ẹ̀rọ iná tuntun náà sínú páálí rẹ̀ láti dá a padà fún ẹni tó tà á, mo sì ti ń ro èébú tí màá kọ síbẹ̀.

Àárín ìgbà yẹn ni ẹnì kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n gé irin áàtì kúrò lára púlọ́ọ̀gì ámpù. Ẹ má ṣe é láéláé. Irin yẹn ló wà láàárín ẹ̀yin àti ikú bí nǹkan bá já nínú ámpù, torí okùn gìtá tí ẹ ń fọwọ́ kàn so mọ́ ara irin ámpù náà. Ámpù tíúbù sì máa ń ní ju 300 fólútì lọ nínú, kapásítọ̀ rẹ̀ lè tọ́jú iná sílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Ariwo dára ju ìyẹn lọ.

Èèṣì ni mo fi rí ojútùú. Mo gbé wah sókè láti wo abẹ́ rẹ̀, mo gbàgbé pé ámpù ṣì wà ní títàn. Bó ṣe ń gòkè ni kíkùn ń lọ sílẹ̀. Mo gbé e sọ̀ kalẹ̀, kíkùn padà. Mo gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan sí i, mo yí i sọ́tùn-ún, yí i sósì, bí ẹni tó ń wá ibùdó lórí rédíò àtijọ́. Ní ìhà kan ó bú ramúramù, ní ìhà kejì ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Mo bú sẹ́rìn-ín, èmi nìkan nínú yàrá.

Wáyà yíyí kékeré kan wà nínú wah, inductor ni wọ́n ń pè é, òun ló ń jẹ́ kí wah máa sọ̀rọ̀ bí ẹnu ọmọdé. Tàràńsífọ́mà wà nínú ẹ̀rọ iná tuntun mi, agbára òòfà rẹ̀ sì ń tú jáde yí i ká. Mo ti gbé ọ̀kan lé orí èkejì gẹ́lẹ́. Pickup ni inductor yẹn ti dà fún iná ògiri. Abájọ tí bátìrì ò fi yí nǹkan kan padà, ariwo náà kò gba inú wáyà wọlé rárá.

Mo gé gbogbo okùn ike mi tó rẹwà. Mo gbé ẹ̀rọ iná lọ sí apá òsì, jìnnà sí wah, sábẹ́ reverb. Nígbà yìí, mi ò de síkúrù kankan títí mo fi tẹ gbogbo pẹ́dà lọ́kọ̀ọ̀kan tí mo sì gbọ́ ọ. Bí mo bá tún ní pákó tò lọ́la, bí màá ṣe ṣe é nìyẹn: ẹ̀rọ iná nílẹ̀ gbalaja, pẹ́dà kan lẹ́ẹ̀kan, etí lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, síkúrù kẹ́yìn. Fọ́tò tuntun kò rẹwà tó ti àkọ́kọ́.

Mo ti ta gate náà. Tíúbù àtijọ́ ti padà sínú ámpù, àwọn tuntun wà nípamọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún gbé irin òjé, mo yọ humbucker, mo dá single-coil padà sí àyè rẹ̀. Ohùn agogo ti dé. Ó ń kùn díẹ̀, pàápàá tí mo bá dojú kọ kọ̀ǹpútà, àmọ́ tí mo bá yíjú sí ògiri, ó máa ń dákẹ́. Ògiri ni mò ń kọjú sí ta gìtá báyìí.