Bí ọmọ yín ṣe máa sọ ti àwọ̀ rẹ̀ nínú àròkọ tó fẹ́ fi wọ yunifásítì l'Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín fẹ́ wọ yunifásítì níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ṣe é nílé wa ní Houston.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin wí. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2023, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ Harvard àti ti yunifásítì North Carolina: àwọn yunifásítì ò gbọdọ̀ torí àwọ̀ ọmọ fún un láyè mọ́. Ó dùn mí gan-an. Àwọ̀ ọmọ mi ni àwọn èèyàn ń rí kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ ẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tó ń yẹ fọ́ọ̀mù ẹ̀ wò náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n John Roberts, adájọ́ àgbà tó kọ ìdájọ́ náà, ṣí ọ̀nà kan sílẹ̀: ọmọ lè kọ bí ẹ̀yà ẹ̀ ṣe kan ayé ẹ̀, ìyà ni o, ìwúrí ni o, bó bá ṣáà ti so ó mọ́ ìgboyà tàbí ẹ̀bùn tí òun fúnra ẹ̀ ní. Ọ̀nà yẹn ni kí ẹ gbà.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kó fi “Ọmọ adúláwọ̀ ni mí” bẹ̀rẹ̀. Bí tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́. Ẹ bi í pé: ọjọ́ wo? Yàrá wo? Ta ló wà níbẹ̀? Ọmọ mi dákẹ́ títí, ó wá ní, “Mọ́mì, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ kíláàsì ìṣirò tí wọ́n yàn mí sí.” Olùkọ́ dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní yàrá tó ń wá wà nísàlẹ̀. Ó yọ ìwé tí orúkọ ẹ̀ wà, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n. Èmi ìyá ẹ̀ ò gbọ́ ọ rí.

Ẹ wá bi í pé, kí lo ṣe lẹ́yìn ìyẹn? Iwájú ló jókòó sí. Nígbà tó di ọdún kejì, ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ìṣirò lẹ́yìn ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó ń to hóró ẹ̀wà sórí tábìlì kí ìdajì àti ìdá mẹ́ta lè yé wọn. Ibẹ̀ ni àròkọ náà pẹ́ sí jù.

Àròkọ ti Common App, ìyẹn fọ́ọ̀mù kan tí ọ̀pọ̀ yunifásítì jọ ń lò, ò gbọdọ̀ ju 650 ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ má bá a kọ ọ́, ẹ má sì bù kún ìyà tó jẹ. Bí kò bá fẹ́ sọ ti àwọ̀ rárá, ẹ fi í sílẹ̀.

Lálẹ́ tí tèmi fẹ́ fi í ránṣẹ́, ó yọ gbólóhùn tí mo fẹ́ràn jù kúrò. Mo jẹ́ kó yọ ọ́.