Kí olè tó gbé kọ̀ǹpútà yín lọ

Àjàṣẹ́ níbí, lápá Ouando, ni mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ìbéèrè tí ẹni tí wọ́n jí tiẹ̀ gbé máa ń bi mí ni pé: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n á lè rí nǹkan mi? Mo fi ọ̀rọ̀ aṣínà sí i o."

Wọ́n á rí i. Dojú ẹ̀rọ dé, tú síkúrù abẹ́ rẹ̀, fa dísìkì tí fáìlì wà nínú rẹ̀ yọ, fi wáyà USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn: fọ́tò, ìwé báńkì, mémúà (ìwé àṣekágbá ilé-ìwé gíga), gbogbo rẹ̀ ti là sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ ń tẹ̀ láàárọ̀ ò dáàbò bo dísìkì fúnra rẹ̀. Báyìí ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àlòkù tó ń dé ọ̀dọ̀ mi ṣe rí.

Dísìkì gan-an ni kí ẹ tì, kí ẹni tí ò ní kọ́kọ́rọ́ má lè ka ohun inú rẹ̀. Lórí Windows 11 tó ń sọ Faransé, ẹ lọ sí Paramètres, Confidentialité et sécurité, kí ẹ wá Chiffrement de l'appareil. Bí ẹ ò bá rí i, tó sì jẹ́ Windows Pro lẹ ní, ẹ lo BitLocker. FileVault ni ti Mac. Windows á fún yín ní kọ́kọ́rọ́ ìgbàlà, ìyẹn òǹkà gígùn tó ní díjíìtì 48. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ fi pamọ́ sílé, kó má ṣe sí nínú àpò kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà, tí kọ́kọ́rọ́ náà sì sọnù, èmi gan-an ò ní lè ṣí i fún yín.

Títì dísìkì ò ní kí iṣẹ́ yín padà wá o. Èyí tó ń dùn mí jù ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti Kétu bọ̀, tó ṣe ẹ̀dà mémúà rẹ̀ sórí klé USB (fíláàṣì), tó wá ju klé náà sínú àpò kan náà. Olè kan á kó méjèèjì lọ. Ẹ fi dísìkì kan sílẹ̀ nílé fún fọ́tò àti fídíò, kí ẹ fi ìwé nìkan sórí Google Drive, torí mégà (dátà íńtánẹ́ẹ̀tì) wọ́n; àyè 15 GB ni wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣí fáìlì kan nínú ẹ̀dà yẹn, kí ẹ rí i pé ó ń ṣí.

Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ìdánimọ̀ abẹ́ ẹ̀rọ lónìí. Bí wọ́n bá jí i, ẹ yá fóònù ará ilé, kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì, torí ibẹ̀ ni wọ́n á ti gba àwọn yòókù. Ẹ yọ kọ̀ǹpútà náà kúrò nínú àwọn àkáǹtì yín orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó mú nọ́ńbà yẹn lọ sí kọmísáríà.