Ẹ di ẹrù yín dáadáa ká tó gbọ̀nà Ìkọ́gòsí

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú ìmúra. Kò sẹ́ni tó bi mí o, ṣùgbọ́n bá a ṣe fẹ́ fi alùpùpù gba Arámọkọ lọ sí Ìkọ́gòsí yìí, ó yẹ ká sọ̀rọ̀ ẹrù.

Ìsàlẹ̀ ni kí ohun tó wúwo wà, kó sì sún mọ́ ẹ̀yìn ẹni tó ń wa ọkọ̀. Tẹ́ ẹ bá kó sípánà àti omi sí ìparí ẹ̀yìn pátápátá, iwájú á fúyẹ́, ọwọ́ yín á sì máa gbọ̀n ní kọ́nà. Kí báàgì ọ̀tún àti tòsì fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo bákan náà. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rá fara kan sálẹ́ńsà, ìyẹn páìpù tí èéfín ń gbà jáde, yóò yọ́ mọ́ ọn lára ni.

Okùn gan-an ni mo fẹ́ tẹnu mọ́. Rọ́bà tí wọ́n gé lára túùbù àlòkù máa ń mú ẹrù dáadáa. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju eléyìí tó ní ìkọ́ irin lọ; ìkọ́ yẹn lè já kó ba èèyàn lójú. Àmọ́ ẹ ki etí rọ́bà náà bọ abẹ́ ẹrù. Bó bá lọ wọ ṣéènì, ó lè gan táyà ẹ̀yìn lórí eré. Tá a bá dé Ìyìn, ẹ jẹ́ ká dúró ká tún un fà, torí gálọ́pù máa ń jẹ́ kí ẹrù dẹ̀.

Ẹ fi ọ̀rá di aṣọ nínú báàgì nítorí òjò. Ẹrù ò gbọdọ̀ bo iná ẹ̀yìn. Fóònù, owó, ìwé ọkọ̀, ara yín ni kó wà, kódà tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ yà jẹyán ni.