Akọ ológbò tó ń fín ìtọ̀ sára ògiri: ẹ gbé Izal yẹn sílẹ̀ ná

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé ológbò wálé nítorí èkúté, ẹ máa gbádùn ẹ̀ dáadáa títí tí akọ yẹn á fi pé bí oṣù mẹ́fà, ìgbà yẹn lẹ máa ṣàdédé gbóòórùn kan nínú pálọ̀ tó ń ta yín nímú, ẹ ó fọ kọ́tìnnì, ẹ ó gbá abẹ́ kúṣìn, òórùn ò ní lọ. Ẹnikẹ́ni ò fi nǹkan ránṣẹ́ sí yín o (mo mọ̀ pé àwọn ará ilé kan ti ń wo ológbò yẹn lọ́nà míì). Ó ti bàlágà ni. Òórùn yẹn ló fi ń sọ fáwọn akọ tó kù pé ilé ti ní onílé, bí ẹni tó kọ “This house is not for sale” sára ògiri, ó sì fi ń pe àwọn abo tó wà ládùúgbò.

Ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe ń ṣe é. Tó bá wà ní ìdúró, tó kọ̀dí sí ògiri tàbí ẹsẹ̀ àga, tí ìrù ẹ̀ nà sókè tó ń gbọ̀n, tí ìtọ̀ díẹ̀ wá fọ́n sára ibẹ̀, fífín nìyẹn. Tó bá lóṣòó tó tọ̀ púpọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tàbí kápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn yàtọ̀, ó lè jẹ́ pé ike yanrìn tó ń yàgbẹ́ sí ló dọ̀tí, ó sì lè jẹ́ àìsàn. Èyí tó wá léwu jù ni kó máa lóṣòó ní gbogbo ìgbà, kó máa ké, kó máa lá ojú ara ẹ̀, kí ìtọ̀ má sì jáde, tàbí kó kàn máa kán tó-tó-tó. Tẹ́ ẹ bá rí ìyẹn ẹ má kàwé yìí dé ìparí, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀, torí ojú ìtọ̀ akọ ológbò tín-ín-rín gan-an, tó bá dí ó lè kú láàárín ọjọ́ kan sí méjì.

Ní ti fífín, ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù ni pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Nínú akọ mẹ́wàá tí wọ́n bá tẹ̀ lọ́dàá, bíi mẹ́sàn-án ló máa fi í sílẹ̀ tàbí kó dín in kù gan-an. Tẹ́ ẹ bá ṣe é kó tó pé oṣù mẹ́fà ló dáa jù, ọ̀pọ̀ ò tiẹ̀ ní bẹ̀rẹ̀ rárá. Ẹ má dá àwọn tó ń sọ pé kò ní pa èkúté mọ́ lóhùn, ọdẹ ò sí nínú ẹpọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe bàbá tó ń tẹ òbúkọ lọ́dàá, torí abẹ́rẹ́ tó ń múni sùn ò sí lọ́wọ́ ẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn ń ṣe é, FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta, náà ní tiwọn, àwọn dókítà ẹranko tó dá dúró sì wà káàkiri. Tẹ́ ẹ bá gbé e délé, tó dà bíi pé ara ń ro ó, ẹ má fún un ní parasitamọ́ọ̀ o! Ẹyọ kan péré lè pa ológbò. Ẹ tún fi sọ́kàn pé agbára akọ ò ní kúrò lára ẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ṣì lè fún abo lóyún láàárín ìgbà yẹn, torí náà ẹ tì í mọ́lé.

Ó wá ku ilé fífọ̀, ibí gan-an lọ̀pọ̀ wa ti ń ba nǹkan jẹ́. Ammonia wà nínú ìtọ̀, tẹ́ ẹ bá da Hypo tàbí Jik lé e lórí, atẹ́gùn olóró ló ń mú jáde, ẹ̀yin gan-an lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Izal àti Dettol tún burú ju ìyẹn lọ fún ológbò, torí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ò lágbára láti tú irú kẹ́míkà yẹn palẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á jókòó, á lá ẹsẹ̀, ó ti wọnú ẹ̀ nìyẹn. Káńfọ̀ tí wọ́n ń jù sí kọ̀rọ̀ náà, májèlé ni.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe nìyí. Ọṣẹ ìfọṣọ tí wọ́n kọ enzyme (èròjà tó ń tú ìdọ̀tí palẹ̀) sẹ́yìn páálí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá, ẹ pò ó mọ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fi fọ ojú ibẹ̀ àti àyíká ẹ̀, ẹ fi omi lásán ṣàn án dáadáa, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ wá fi súpíríìtì nù ún (ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní igun kan kó má lọ bó ọ̀dà ògiri yín). Tẹ́ ẹ ò bá mọ gbogbo ibi tó fín sí, ẹ yá tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ owó wò lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, ẹ pa iná, ìtọ̀ tó ti gbẹ á máa tàn. Tójú ibẹ̀ bá mọ́ tán, ẹ gbé abọ́ oúnjẹ ẹ̀ síbẹ̀, ológbò kì í fẹ́ fín síbi tó ti ń jẹun.

Ẹ má nà án. Ológbò tí ẹ̀rù ń bà máa fín sí i ni, á kàn máa ṣe é níkọ̀kọ̀ lẹ́yìn wọ́dúróòbù. Ẹ wo ohun tó ń dà á láàmú dípò ìyẹn: akọ míì tó ń wá jókòó lójú wíńdò lálaalẹ́ (ẹ lẹ bébà mọ́ gíláàsì ìsàlẹ̀, ẹ lé tọ̀hún lọ, ẹ fọ ẹnu ọ̀nà níta náà), àga tuntun, àlejò tó pọ̀, ilé tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí. Tó bá jẹ́ ológbò méjì lẹ ní, ike yanrìn mẹ́ta ni kẹ́ ẹ gbé kalẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa kó ìgbẹ́ inú ẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, ọ̀rọ̀ yín rọrùn díẹ̀, Cats Protection, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ológbò níbẹ̀, ní kí wọ́n tẹ ológbò lọ́dàá ní oṣù mẹ́rin, Feliway (òórùn àtọwọ́dá tó ń fi ọkàn ológbò balẹ̀) tí wọ́n ń kì bọ iná ògiri sì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá tán tó ṣì ń fín lẹ́yìn bí oṣù kan sí méjì, ẹ padà lọ bá dókítà kó yẹ ìtọ̀ ẹ̀ wò, ó lè fún un ní oògùn tó ń fi ọkàn balẹ̀ bíi fluoxetine, kì í sì í ṣe èyí tẹ́ ẹ máa lọ rà fúnra yín ní kẹ́míìsì, torí ìwọ̀n ara ẹ̀ ni dókítà fi ń wọn ín, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ràn án.