Gbogbo ohun tó ń rà bàbà kọ́ ni àṣá: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nípa ẹyẹ apẹran ẹ̀yìnkùlé

Bí àgbébọ̀ bá figbe ta lẹ́yìnkùlé, tí àwọn òròmọdìẹ sì sá wọ abẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń jáde lẹ́nu ará ilé: "Àṣá ti dé o!" Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ Yorùbá, oríṣiríṣi ẹyẹ apẹran ló lè bà lé igi máńgòrò tàbí òpó iná tó wà nítòsí ilé rẹ, ìwà wọn kò sì dọ́gba. Òmíràn nínú wọn kò tilẹ̀ ní nǹkan ṣe pẹ̀lú adìẹ. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí a ti máa ń ṣì wọ́n mọ̀.

Má fi àwọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹyẹ tó wà lókè, tí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, dúdú ni yóò rí lójú rẹ, ì báà funfun. Ìrù ni kí o kọ́kọ́ wò. Àṣá tí a mọ̀ jù, tí àwọn kan ń pè ní àwòdì, ìrù rẹ̀ là lẹ́nu bí ìrù ẹja. Bó ṣe ń fò ló ń yí ìrù náà sọ́tùn-ún sósì, òun ló fi ń darí ara rẹ̀. Bó bá tẹ́ ìrù náà gbalaja, o lè má rí ibi tó ti là mọ́, nítorí náà ní sùúrù títí yóò fi pa á dé. Ìrù igún ní tirẹ̀ kúrú, kò là, apá rẹ̀ sì fẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kékeré kan tí àwọn ìwé ń pè ní Shikra: apá rẹ̀ kúrú, ìrù rẹ̀ gùn, á ju apá kíákíá lẹ́ẹ̀mélòó kan, á wá tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó tó tún jù ú.

Àwọn kan á ní àgógó yẹ́lò ni àwọn fi ń mọ àṣá. Àgbà rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Àgógó ọmọ rẹ̀ ṣì dúdú, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti àwọn àṣá tó máa ń ti Yúróòpù wá sí Áfíríkà lásìkò òtútù wọn.

Má gbàgbé oṣù tí a wà. Ní gúúsù, àṣá kì í sábà bá wa gbé látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin. Nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ló ń dé, ẹ̀ẹ̀rùn ló fi ń yé tó fi ń pa ọmọ, bí òjò bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, á forí lé òkè ọya. Nínú ọyẹ́, bí wọ́n bá ń sun igbó, ẹ ó rí wọn tí wọ́n pọ̀ lójú òfuurufú, tí wọ́n ń gbé tata tó ń sá fún iná. Àwọn àgbà ti wo ẹyẹ yìí dáadáa kí wọ́n tó sọ pé àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá: kì í sábà ju apá bí atẹ́gùn bá wà, atẹ́gùn ló ń gbé e. Nítorí náà, bí o bá rí ẹyẹ apẹran n'Íbàdàn láàárín oṣù kẹjọ, tó sì ń ju apá ṣáá, wò ó lẹ́ẹ̀kejì kó o tó pè é ní àṣá.

Má gbọ́kàn lé bó ṣe tóbi tó. Kò sí ohun tí a lè fi wọ̀n ọ́n lókè. Àfi bí ẹyẹlé tàbí kannakánná bá wà nítòsí rẹ̀. Shikra kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹyẹlé lọ, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 ni gígùn rẹ̀, nígbà tí ti àṣá ń lọ sí bíi 55. Abo sì máa ń tóbi ju akọ lọ, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹni tó rí tọkọtaya lè ní oríṣi méjì lòun rí. Alángbá, kòkòrò àti ẹyẹ wẹ́wẹ́ ni Shikra ń jẹ, kò lè gbé àgbébọ̀ rárá. Bí adìẹ rẹ bá sì pòórá lóru, àṣá ti sùn nígbà yẹn. Lọ wo ejò, ológbò, tàbí aládùúgbò.

Má rò pé ọmọ àti ìyá jọra. Ibí yìí ni ìṣòro pọ̀ sí jù. Àgbà Shikra ní ẹ̀yìn aláwọ̀ eérú, ojú pupa, àti ilà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba ìbú ìgbáàyà rẹ̀ kọjá. Ọmọ rẹ̀ pupa rúsúrúsú lẹ́yìn, àmì tó wà láyà rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ lóròó. Ẹni tó rí ọmọ yìí á ní àṣá kékeré ni. Ẹyẹ mìíràn tún wà tó fara jọ Shikra, òun ni Lizard Buzzard, tó máa ń jókòó sórí wáyà iná fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀fun ni kó o wò: ọ̀fun rẹ̀ funfun, ilà dúdú kan ṣoṣo sì wà láàárín rẹ̀. Shikra kì í ní ilà dúdú bẹ́ẹ̀. Bó bá kọ ẹ̀yìn sí ẹ, dúró títí yóò fi yíjú.

Má sáré lọ gba ẹyẹ tó so rọ̀ lórí ọ̀pẹ sílẹ̀. Bí àwọn ẹ̀gà bá ń pariwo lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti ojoojúmọ́, ó ṣeé ṣe kí African Harrier-Hawk ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹyẹ ńlá aláwọ̀ eérú ni, ojú rẹ̀ kò níyẹ̀ẹ́, yẹ́lò ni, ó sì máa ń pọ́n bí ara rẹ̀ bá gbóná. Á so mọ́ ìtẹ́ ẹ̀gà, á máa fi apá lu igi gbá-gbá, á ti ẹsẹ̀ bọ inú ìtẹ́ láti fa ọmọ jáde. Oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ lè ká síwájú, ó sì lè ká sẹ́yìn. Ẹni tí kò rí i rí lè rò pé pàkúté ló mú un. Kò sí ohun tó ṣe é, oúnjẹ ló ń jẹ. Ó tún ń jẹ ẹyìn.

Má fi fóònù sọ ẹyẹ Amẹ́ríkà di ti Abẹ́òkúta. Bí o bá ya fọ́tò tí fóònù sì dáhùn pé Red-tailed Hawk ni, béèrè ibi tí ẹyẹ náà ń gbé. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Houston bá rí i lẹ́yìnkùlé tirẹ̀, kò sí àríyànjiyàn, ilé rẹ̀ nìyẹn. Tiwa kọ́. Bald Eagle, idì olórí funfun ti Amẹ́ríkà, náà kò sí ní Áfíríkà. (Igbe mímú tí wọ́n máa ń fi sẹ́nu rẹ̀ nínú fíìmù, ti Red-tailed Hawk ni lọ́pọ̀ ìgbà, má fi ìyẹn dá ohùn idì mọ̀.) Ẹyẹ olórí funfun tí a ń rí lórí ọ̀pẹ, tí àwọn ènìyàn ń pè ní idì, Palm-nut Vulture ló sábà máa ń jẹ́. Ikùn rẹ̀ funfun, awọ tó yí ojú rẹ̀ ká pupa. Idì apẹja tí orí tirẹ̀ náà funfun, ikùn rẹ̀ pupa dúdú, etí omi ló sì ń gbé.

Má pa á kí o tó mọ̀ ọ́n. Òwìwí olójú funfun tí wọ́n ń sọ lókùúta ní àdúgbò, eku ló ń bá wọn pa. Ti igún burú jù. Àwọn baba wa ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí, síbẹ̀ a ń rí orí rẹ̀ lórí àtẹ àwọn tó ń ta èròjà oògùn. Láti ọdún 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá, ti ka igún tó ń wá sí àdúgbò wa, Hooded Vulture, mọ́ àwọn ẹyẹ tí ewu àparun wọn ga jù lọ.

Bí o bá fẹ́ kí ohun tí o rí wúlò, ya ìrù, ya ọ̀fun, ya àpapọ̀ ara rẹ̀, kó o sì kọ ọjọ́ àti ibi tí o wà sílẹ̀. Nigeria Bird Atlas Project, iṣẹ́ tó ń kọ ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà ní Nàìjíríà sílẹ̀, ń gba irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí áàpù BirdLasser.