Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Yíyan Orin Tí A Fi Ń Dán Sípíkà Wò

Ohun kan wà tí ó máa ń bí mi nínú gan-an. Ènìyàn a lo oṣù púpọ̀ láti kàwé nípa sípíkà, a mọ bí wúfà rẹ̀, ẹnu ńlá tí béèsì ń gbà jáde, ṣe fẹ̀ tó, a mọ irú igi tí wọ́n fi kan àpótí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó bá lọ gbọ́ ọ kí ó tó sanwó, orin àkọ́kọ́ tí ó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ nínú fóònù rẹ̀ ni yóò fi dán an wò. Lẹ́yìn náà ni yóò wá máa ráhùn pé sípíkà tí ó dùn mọ́ òun létí lọ́jọ́ tí òun rà á ti di ohun mìíràn nínú ilé. N kò ní ṣàlàyé iṣẹ́ tí twítà ń ṣe níbí, n kò sì ní sọ bí a ṣe ń gbé sípíkà méjèèjì àti àga olùgbọ́ kalẹ̀ ní igun mẹ́ta tí ó dọ́gba. Ẹni tí ó ń ka èyí ti mọ ìyẹn. Orin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé òun ni òṣùwọ̀n tí a gbé dání lọ síbẹ̀.

Àṣìṣe kìíní ni fáìlì tí wọ́n ti gé ohùn inú rẹ̀ kù. Àwo CD, tí ó jáde ní 1982, ń gbé dátà kílóbíìtì 1,411 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. MP3 oní-kílóbíìtì 128 kò gbé ju bí ìdá kan nínú mọ́kànlá rẹ̀ lọ. Etí kì í tètè mọ ohun tí wọ́n gé kúrò lórí sípíkà inú fóònù, ṣùgbọ́n lórí sípíkà gidi, àtẹ́wọ́ àwọn èrò a di ariwo ṣùùṣùù kan, ìró símbálì a sì máa yọ́ dànù kí ó tó parí. Nígbà tí Karlheinz Brandenburg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe MP3 ní Jámánì, ohùn Suzanne Vega tí ó ń kọrin láìsí ohun èlò kankan lẹ́yìn rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi wá ibi tí iṣẹ́ wọn ti kù díẹ̀ káàtó, nítorí pé àbùkù fáìlì kò rí ibi sá pamọ́ sí lẹ́yìn ohùn ènìyàn kan ṣoṣo. Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ wo inú áàpù tí ẹ fi ń gbọ́ orin bóyá ó wà lórí ètò tí ó ń ṣọ́ dátà ná. Ẹ má ṣe yọ orin láti inú fídíò. Bí wáyà bá wà, ẹ fi Bluetooth sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ṣàṣejù sí òdìkejì pẹ̀lú, nítorí pé fáìlì oní-bíìtì 24, tí kúlẹ̀kúlẹ̀ inú rẹ̀ ju ti CD lọ, kò lè tún orin tí wọ́n ti bàjẹ́ ní sítúdíò ṣe.

Àṣìṣe kejì ni orin tí wọ́n ti fún pa. Láti àárín àwọn ọdún 1990 ni àwọn tí ń ṣe àwo orin ti ń bá ara wọn figagbága lórí ẹni tí àwo rẹ̀ yóò pariwo jù. Wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ ibi tí ohùn ti ga mọ́lẹ̀, wọ́n á sì wá gbé gbogbo rẹ̀ sókè, títí ibi tí ó yẹ kí ó rọlẹ̀ àti ibi tí ó yẹ kí ó bú jáde yóò fi di ọgbọọgba. Bí ẹ bá ṣí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ nínú áàpù tí ó ń ya àwòrán ohùn, búlọ́ọ̀kù gbọọrọ kan ni ẹ óò rí, láìsí gegele, láìsí kòtò. CD fi àyè tí ó tó decibel 96 (decibel ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó) sílẹ̀ láàrin ohùn tí ó kéré jù àti èyí tí ó ga jù, wọ́n á sì kó gbogbo orin jọ sínú decibel díẹ̀ lókè téńté. Sípíkà tí ó dára ni irú orin bẹ́ẹ̀ máa ń bà lórúkọ jẹ́, nítorí pé òun ni yóò jẹ́ kí ẹ gbọ́ bí orin náà ṣe há tó, ẹ óò sì rò pé sípíkà ni ó le létí. Ìdíje náà kò tilẹ̀ lérè mọ́, nítorí pé Spotify, fún àpẹẹrẹ, máa ń rẹ orin tí ó bá pariwo ju òṣùwọ̀n -14 LUFS lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀; LUFS ni wọ́n fi ń wọn bí odindi orin ṣe pariwo tó létí. Ẹ rántí pẹ̀lú pé orin kan lè wà ní ẹ̀dà púpọ̀: èyí tí ó jáde lórí CD kí ìdíje yìí tó bẹ̀rẹ̀ lè máa mí dáadáa, kí èyí tí wọ́n tún ṣe lẹ́yìn 2000 sì ti há pátápátá. Ẹ mọ ẹ̀dà tí ẹ mú dání, kì í ṣe orúkọ orin nìkan.

Àṣìṣe kẹta ni ó mú mi jókòó kọ èyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara dà á bí mo bá pẹ́ níbẹ̀. Ẹ mọ orin tí mo ń sọ. Ó ń rọra lọ. Gìtá kan, obìnrin kan tí ó ń kọrin kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bóyá béèsì onígi kan tí wọ́n ń fi ìka ta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé máìkì sún mọ́ ọn lẹ́nu débi pé a ń gbọ́ bí ètè rẹ̀ ṣe ń là. Olùtajà a tẹ̀ ẹ́, a dákẹ́, a máa wo ojú yín, ẹ̀yin náà á sì ti di ojú pa. N kò sọ pé wọn kò ká orin náà sílẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n ṣe ká a sílẹ̀ dáadáa tó gan-an ni wàhálà ibẹ̀, nítorí pé ẹwà rẹ̀ ń mú kí a gbàgbé pé kò sí sípíkà tí kò lè kọ ọ́. Ohun mẹ́ta péré ni ó wà nínú rẹ̀, kò sí èyí tí ó ń dí èkejì lọ́wọ́, kò sì sí èyí tí ó ń béèrè agbára. Bí àpótí sípíkà bá ń gbọ̀n ní 150 Hz (ìyẹn ni pé ìgbà 150 ni ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), tàbí tí ohùn bá jìn sí kòtò ní nǹkan bí 2,500 Hz níbi tí wúfà ti ń fa iṣẹ́ lé twítà, ẹnu kékeré tí ohùn òkè ń gbà jáde, lọ́wọ́, ìró kan tàbí méjì ni yóò bọ́ síbẹ̀, etí yóò sì gbà pé bí obìnrin náà ṣe kọ ọ́ nìyẹn.

Èmi nìkan kọ́ ni mo ń sọ ọ́. Floyd Toole, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní National Research Council ti Kánádà, àti Sean Olive tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí àwọn méjèèjì tó lọ sí Harman, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe sípíkà, kó àwọn olùgbọ́ jọ, wọ́n ta aṣọ bo sípíkà kí ẹnikẹ́ni má baà mọ èyí tí ó ń dún, wọ́n sì wo irú ohùn tí ó máa ń jẹ́ kí ènìyàn mọ ìyàtọ̀ láàrin sípíkà kan àti òmíràn. Ohùn tí ó kún láti ìsàlẹ̀ dé òkè ni ó borí: pink noise, ariwo lásán tí kì í ṣe orin rárá, wà lára èyí tí ó ṣiṣẹ́ jù, orin tí ohun èlò pọ̀ nínú rẹ̀ sì ṣiṣẹ́ ju ohun èlò kan ṣoṣo lọ. Ohùn Vega ṣoṣo tó láti tú àṣírí fáìlì. Sípíkà ní tirẹ̀ ń fẹ́ èrò púpọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ra sípíkà gogoro méjì lẹ́yìn tí wọ́n ti fi irú orin bẹ́ẹ̀ dá a lára yá ní odindi ọ̀sán kan. Ó pè mí pé kí n wá bá òun yọ̀. Mo gbé àwo ẹgbẹ́ olórin kan sí i, èyí tí fèrè àti ìlù kún inú rẹ̀, tí ọkùnrin olóhùn ìsàlẹ̀ kan sì ń lé orin níwájú. Lójú ẹsẹ̀ ni ó ń dún bí ẹni tí ń kọrin láti inú àgbá. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ àpótí náà: nígbàkígbà tí ọkùnrin yẹn bá sọ̀kalẹ̀ dé ìró kan báyìí, igi náà á gbọ̀n mọ́ mi lọ́wọ́, bí ó bá gòkè, á dákẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n jọ̀ọ́ gbé orin obìnrin tòun padà. Mo gbé e padà. Ó dùn. A jọ gbọ́ ọ tán, èmi ọ̀jọ̀gbọ́n tí a pè wá síbi ayọ̀, tí mo ń fi ọwọ́ pa sípíkà olówó lára.

Orin tí yóò fún sípíkà níṣẹ́ ni kí ẹ wá. Ẹ mú orin tí àwọn púpọ̀ ń gbè nínú rẹ̀, kí ẹ sì gbìyànjú láti tẹ̀ lé ohùn ẹnì kan ṣoṣo láàrin wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ mú píánò, tí kọ́kọ́rọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá jẹ́ 27.5 Hz, tí ti òkè sì lé ní 4,000 Hz, kí ẹ fetí sí i bóyá ìró kan ń fò jáde ju àwọn yòókù lọ nígbà tí ọwọ́ bá ń rìn sọ̀kalẹ̀. Ẹ mú ohun èlò tí ẹ ti gbọ́ rí lójúkojú láìsí ẹ̀rọ: bí ẹ bá mọ bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ṣe ń dún, kò sí olùtajà tí yóò sọ fún yín pé bí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ṣe yẹ kí ó dún ni ariwo eréèpẹ̀ tí ẹ ń gbọ́ yẹn.

Béèsì ńkọ́? Orin tí ó ń dún gbìì-gbìì tí ògiri ń gbọ̀n kì í sọ nǹkan fún wa, pàápàá tí ó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni ó ṣe béèsì náà, nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ bí ó ti yẹ kí ó dún. Ẹ mú èyí tí gìtá béèsì ti ń rìn, tí ó ń gba okùn kan bọ́ sí òmíràn títí dé okùn tí ó nípọn jù, èyí tí ó wà ní nǹkan bí 41 Hz. Bí gbogbo ìró náà bá jọ ara wọn, tí ẹ kò lè kọ ọ́ lẹ́nu tẹ̀ lé e, nǹkan ti bàjẹ́. Yàrá náà sì lè jẹ́ ọ̀daràn, nítorí pé ìgbì ohùn 41 Hz gùn ju mítà mẹ́jọ lọ, igun yàrá sì máa ń wú irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ẹ sún sípíkà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

Orin tí a ká sílẹ̀ pẹ̀lú máìkì inú etí ère orí ènìyàn, ẹ̀rọ àfibọ-etí ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ fi í sílẹ̀ nílé.

Ẹ má ṣe rò pé orin àtijọ́ kò lè dára. Àwọn àwo sitẹ́ríò kan wà láti àárín àwọn ọdún 1950 tí wọ́n fi máìkì méjì tàbí mẹ́ta péré ká, tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ òní kò lè dúró níwájú wọn.

Ìwọ̀n ohùn náà tún wà níbẹ̀. Fletcher àti Munson, àwọn olùwádìí nípa ohùn, ti fi hàn láti 1933 pé etí kì í gbọ́ béèsì dáadáa nígbà tí ohùn bá rọlẹ̀, nítorí náà sípíkà tí ó fi decibel kan péré ga ju èkejì lọ lè dún bí èyí tí ó kún jù, tí ó sì dára jù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dọ́gba kí ẹ tó fi wọ́n wéra. Mítà ohùn inú fóònù sàn ju àfojúdá lọ. Kí ẹ sì tètè máa pààrọ̀ láti ọ̀kan sí èkejì, nítorí pé ìrántí etí kì í pẹ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ fún mi pé orin tí mo yàn fún òun kò dára, pé akọrin náà kò ní ibi tí ó dúró sí, ó kàn fọ́n káàkiri yàrá, béèsì sì ti gbẹ. Mo ní kí ó pa á sí mónò, níbi tí ohùn kan náà ti ń jáde láti inú sípíkà méjèèjì. Nínú mónò, ó yẹ kí ohùn náà kó ara jọ sí àárín gbùngbùn. Kò kó ara jọ. Mo yí sípíkà ọ̀tún padà: wáyà pupa wà nínú ihò dúdú, dúdú sì wà nínú pupa. Nígbà tí sípíkà kan ń tì síwájú ni èkejì ń fà sẹ́yìn. A tún un fi sí i, akọrin náà sì bọ́ sí àárín. Kí ẹ tó bú orin tàbí sípíkà, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ orin kan ní mónò.

Èyí tí ó kù ni orin tí ẹ fẹ́ràn jù lọ láyé yín. Ẹ mọ̀ ọ́n, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọkàn yín yóò máa bá orin lọ, etí yín kò sì ní gbọ́ sípíkà mọ́; bí ẹ bá sì ń lò ó léraléra fún iṣẹ́ yìí, yóò sú yín. Àwọn orin kan wà tí wọ́n ti di irinṣẹ́ lásán lọ́wọ́ mi báyìí, tí àwọn ará ilé mi ń dìde jáde kúrò ní pálọ̀ bí wọ́n bá ti gbọ́ gìtá ìbẹ̀rẹ̀ wọn. Orin tí ẹ bá fẹ́ràn díẹ̀, tí ẹ sì mọ̀ dunjú, ni kí ẹ mú lọ.