Iná Ẹ́ńjìnnì Tàn Lójú Dáṣíbọọ̀dù: Ohun Tí Ẹ Ó Ṣe ní Amẹ́ríkà Kí Ẹ Tó Náwó

Ẹ ra pick-up àlòkù, ẹ fi ń wá oúnjẹ òòjọ́ yín. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ẹ sítáátì ẹ̀, iná ìyeyè kékeré kan tó rí bí ẹ́ńjìnnì sì tàn lójú dáṣíbọọ̀dù, kò kú mọ́. Ẹ má tíì pe mẹ́káníìkì. Ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe ń tàn.

Tó bá dúró sójú kan láìṣẹ́jú, tí ọkọ̀ sì ń lọ bó ṣe máa ń lọ, ẹ lè wà á lọ síbi iṣẹ́, kí ẹ wáyè yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Àmọ́ tó bá ń ṣẹ́jú pàrà-pàrà, tí ọkọ̀ ń jẹ́ẹ̀kì, ẹ dín eré kù, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí ẹ pa á. Epo tí kò jóná ló ń ṣàn wọ catalytic converter, ẹ̀yà tó ń sọ èéfín di mímọ́ lójú ọ̀nà sáléńsà, inú ibẹ̀ ló ti ń gbiná, ooru yẹn sì lè yọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Owó kékeré kọ́ ni wọ́n ń fi pààrọ̀ rẹ̀. Iná pupa ti ọ́ìlì tàbí ti ooru, ẹjọ́ tirẹ̀ yàtọ̀: ojú ẹsẹ̀ ni kí ẹ dúró.

Gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti pick-up tó fúyẹ́ tí wọ́n ṣe fún títà ní Amẹ́ríkà láti model 1996 ló ní ihò OBD-II, ibi tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ bọ̀ láti ka kóòdù àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì fi pa mọ́, lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù, níbi tí orúnkún awakọ̀ máa ń wà. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù AutoZone àti O'Reilly, àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀, ló máa ń fi ẹ̀rọ ka kóòdù ibẹ̀ fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fọwọ́ ara yín kọ kóòdù náà sílẹ̀ tán pátá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn sọ fún yín pé "sensor ni".

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti jìn sí kòtò. P0171 ni tèmi, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé atẹ́gùn ti pọ̀ ju epo lọ nínú ẹ́ńjìnnì. Ọmọkùnrin tó dúró nídìí káńtà ní kí n lọ pààrọ̀ oxygen sensor, ẹ̀yà tó ń wọn atẹ́gùn inú èéfín. Mo rà á, mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, mo dè é. Ọjọ́ kẹta, iná padà tàn. Nígbà tí mo wá fara balẹ̀, tí mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, mo gbọ́ "ṣíí" lẹ́yìn àpótí fílítà atẹ́gùn. Rọ́bà tó ń gbé atẹ́gùn lọ sínú ẹ́ńjìnnì ló sán lọ́rùn. Òótọ́ ni sensor àtijọ́ ń sọ látọjọ́ yìí, èmi ni mo lé e dànù!

Bẹ́ẹ̀ náà ni P0301: sìlíńdà kìíní ò jóná dáadáa, ṣùgbọ́n kóòdù ò sọ ohun tó fà á. Ẹ fi kọ́ìlì orí rẹ̀, èyí tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, ṣe pààrọ̀ pẹ̀lú ti sìlíńdà kejì, ẹ pa kóòdù rẹ́, kí ẹ wa ọkọ̀ díẹ̀. Tó bá di P0302, ìyẹn ti sìlíńdà kejì, kọ́ìlì ni. Tó bá ṣì jẹ́ P0301, ẹ yẹ púlọ́ọ̀gì wò. P0455 ní tirẹ̀, tó ń sọ pé afẹ́fẹ́ epo ń jò jáde, lè má ju ìdérí tánkì epo tí kò wọlé dáadáa lọ. Ẹ yí i títí á fi dún kẹ́kẹ́, kí ẹ ní sùúrù, nítorí iná náà lè gba ọjọ́ mélòó kan kó tó kú.

P0420 ló ń dẹ́rù bani jù, torí catalytic converter ló ń tọ́ka sí. Kí ẹ tó tọwọ́ bọ àpò, ẹ wo ọjọ́ orí ọkọ̀. Fún pick-up tó fúyẹ́, òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ṣe onígbọ̀wọ́ ẹ̀yà yìí àti kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì fún ọdún 8 tàbí máìlì 80,000, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé. Ẹni tó ra àlòkù náà ní ẹ̀tọ́ sí i.

Ní New York, ní California, àti ní káúńtì 13 tó yí Atlanta ká, ọkọ̀ tí òfin bá mú ò lè yege àyẹ̀wò èéfín tí iná yìí bá ń tàn. Àwọn kan á ní kí ẹ yọ orí bátírì, kí iná kú, kí ẹ sáré lọ. Ẹ má dán an wò. Bí kóòdù bá ti parẹ́, kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ẹ̀rọ wọn á sì rí i pé kò tíì parí. Ẹ tún un ṣe, kí ẹ wà á káàkiri ìgboro àti ojú títì márosẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó lọ.

Tó bá wá di dandan kí ẹ lọ bá mẹ́káníìkì, wọ́n á gba owó àyẹ̀wò lọ́tọ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìrẹ́jẹ, wákàtí iṣẹ́ wọn ni ẹ ń san. Ní California, òfin ní kí wọ́n kọ iye owó sílẹ̀ fún yín kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ rí ẹ̀yà tí wọ́n bá yọ.